Ìlù Yí, Ẹsẹ̀ Kò Yí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín bí àwa ará Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogi, ṣe ń kí ara wa nílé: Okun o.

Àwọn àgbà ní bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ayé yí mọ́ lọ́wọ́: ọ̀gá tuntun dé síbi iṣẹ́, tàbí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé kú lójijì. Lónìí, mo fẹ́ ká dá a padà síbi tó ti wá, ká fi sọ̀rọ̀ ìlù àti ijó gan-an. Mo ti pé ọmọ ọdún 65. Mo sì ń rí bí àwa tí a jọ dàgbà ṣe ń kúrò lójú agbo lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí a ń sọ fún ara wa pé orin ti tán láyé.

Ẹ jẹ́ ká wo òwe náà dáadáa. Ìlù yí, ijó yí. Kò sọ pé ẹsẹ̀ yí. Ẹsẹ̀ tí a fi jó tàná náà la ó fi jó tòní. Èyí ni mo máa ń rán ẹni tó bá ń bẹ̀rù létí, ẹni tó rò pé bí òun bá tẹ́tí sí orin àwọn ọmọ, òun yóò di ọmọdé lójú ayé. Kò sẹ́ni tó ní kí o pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Ní ìgbà kajú tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta àti ọmọ ọmọ mi kan bá mi lọ sóko, lẹ́yìn ìlú Ìsánlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ kajú mọ̀ ọ́n: ó ti já sílẹ̀, ẹ óò bẹ̀rẹ̀, ẹ óò ṣà á, ẹ óò yí kóró rẹ̀ kúrò lára èso, ẹ óò jù ú sínú garawa, ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ orin ni. Àwọn ọmọ gbé spíkà kékeré kan dání, wọ́n fi kọ́ ẹ̀ka igi. Kò tíì kọ orin méjì tán tí mo fi pariwo pé kí wọ́n pa á. Mo ní ariwo lásán ni, kò ní ìtumọ̀. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Wọ́n tú spíkà náà, wọ́n gbé e lọ sí ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún. Títí di ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo ń ṣà tèmi. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lókèèrè, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Orin ni mo lé, àwọn ọmọ ló bá a lọ.

Bàbá tèmi náà pariwo lé mi lórí nígbà tirẹ̀. Ó ní gìtá oníná ti ba orin jẹ́. Ẹ sì wò ó, jùjú tí àwa ń pè ní orin gidi yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti yí padà? Nígbà tí Tunde King ń ṣe é l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, báńjò àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gìtá oníná dé, tí gángan sì wọlé. I.K. Dairo gbé akọ́díọ̀nù wọ̀ ọ́, ó sì ṣe é débi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963. Sunny Ade tún lọ mú irú gìtá tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń fi irin fà lóhùn, ó gbé e sáàárín gángan. Fújì ńkọ́? Ara wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù àwẹ̀ ló ti jáde. Sikiru Ayinde Barrister ló sọ ọ́ lórúkọ, ó ní lára àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti mú un. Nínú ilé tiwa, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí bàbá mi kò pè ní ariwo. Bí òun náà bá jí dìde lónìí, mo mọ̀ pé yóò ya á lẹ́nu pé ariwo yẹn ni ọmọ òun fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún orin gidi.

Àwa ará Okun sì ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ò ní. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, abẹ́ Kwara la wà, rédíò Ìlọrin là ń gbọ́. Ẹnu tí wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀ kì í ṣe ẹnu wa. Ẹnu Ọ̀yọ́ ni, ẹnu Ìjẹ̀bú ni, ẹnu Ìlọrin ni. Ọmọ Yàgbà ni mí. Ìyá mi kò sọ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ sí mi nígbà tó ń wẹ̀ mí. Orin àti Bíbélì ló kọ́ mi. Mo máa ń kọ orin tí ìdajì rẹ̀ kò yé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n óò wá lọ bi olùkọ́ wa léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ará Kàbà ṣe bẹ́ẹ̀, ará Ìjùmú ṣe bẹ́ẹ̀, ará Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ náà. Kò sẹ́ni nínú wa tó ní, "Ohun tí wọ́n ń sọ ò yé mi," kó wá torí ìyẹn pa rédíò. Sùúrù tí a ní lọ́mọdé yẹn, níbo ló wọlẹ̀ sí?

Mo ti rò ó, mo sì rí i pé kì í ṣe sùúrù nìkan. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i pé ohun tí ojú wa rí láàárín nǹkan bí ọdún 10 sí 30 ló máa ń ta yọ jù lọ́kàn àgbàlagbà, orin ìgbà náà sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn la kọ́kọ́ mọ ìfẹ́, ìgbà yẹn la kọ́kọ́ gba owó oṣù, tí a kọ́kọ́ fi owó ara wa ra kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbọ́ orin 1983, ara mi ti ọdún náà ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀: mi ò ní ìrora eékún, bàbá àti ìyá mi wà láàyè. Orin wo ni ìbá bá ìyẹn díje? Kò tọ́ ká mú orin ọmọ ọdún kan dúró níwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀, ká wá ní ó jẹ̀bi.

Etí náà wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń dàgbà, ohùn tó ga tó tín-ín-rín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù, bẹ́ẹ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú s, f àti ṣ tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Báàsì kì í tètè sọnù létí. Nítorí náà, níbi ìgbéyàwó tí wọ́n ti to spíkà bí ògiri, gbì-gbì ni àgbà ń gbọ́, ọ̀rọ̀ inú orin a pòórá. A óò wá ní olórin ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ẹ má fi ibi ìnáwó dá orin tuntun lẹ́jọ́. Ẹ gbọ́ ọ nínú yàrá, nínú ìdákẹ́jẹ́, kí ohùn rẹ̀ má ga. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya: etí tí ariwo bá bàjẹ́ lónìí kì í padà bọ̀ sípò.

Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo lé orin lóko yẹn, àwọn ọmọ ń fọ oje kajú kúrò lọ́wọ́ nínú àgbàlá, wọ́n rọra fi orin sí i. Ìyàwó mi wà nídìí iná. Mo ṣàdédé gbọ́ tó gbe ègbè orin náà kí fóònù tó débẹ̀. Àwọn ọmọ dá omi dúró. "Màmá, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?" Orin Tems, olórin obìnrin ìgbà yìí, ni, "Love Me Jeje", èyí tó gba Grammy, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún olórin ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì 2025. Ṣùgbọ́n Seyi Sodimu ló ti kọ ègbè yẹn ní 1997, ìyàwó mi sì sọ fún wọn pé oyún ìkẹyìn wa lòun ní nígbà tí wọ́n ń lù ú lórí rédíò. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n wá a lórí fóònù, wọ́n rí i, wọ́n pariwo. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, gbogbo wọn ti yí i ká lórí àpótí, ó ń sọ bí ayé ṣe rí lọ́dún náà fún wọn. Èmi nìkan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

A máa ń sọ pé bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tẹ́lẹ̀, bí ìyangàn ni mo ṣe ń gbọ́ òwe náà. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti yí lójú mi. Àkísà wa ni àwọn ọmọ yìí fi ń rán aṣọ tuntun wọn. Bí a bá gbé àkísà tì mọ́ inú àpótí, ta ni yóò fi hàn wọ́n pé ibí yìí ni wọ́n ti gé e?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò le. Ẹ wá ọmọ kan. Kì í ṣe mẹ́wàá, ẹyọ kan tó fẹ́ràn yín. Ẹ ní kó fi orin kan tó wù ú jù hàn yín, ẹyọ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun, torí etí máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tí kò mọ̀, kó tó wá máa fẹ́ ẹ bó ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé kí ló wù ú níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọmọ mi ló sọ fún mi pé ìlù tó ń dún gbì tí mo pè ní ariwo, Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, amapiano ni wọ́n ń pe orin rẹ̀. Èmi ni mo wá fi hàn án pé bí Asake, ọ̀kan nínú àwọn olórin ìgbà tiwọn, ṣe ń na ohùn, tí ogunlọ́gọ̀ ń gbè lẹ́yìn rẹ̀, ojúlé fújì ló gbà kọjá. Kò mọ̀. Ó ní kí n fi fújì hàn òun. Ọjọ́ yẹn ni Barrister tún kọrin nínú ilé mi lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Ẹ má wọ aṣọ wọn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìgboro wọn ṣe ẹnu. Wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí orin kan bá ń yin jìbìtì tàbí tó ń tàbùkù obìnrin, ẹ sọ pé kò dáa. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n wíwà lọ́jà ni òwe yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó ti kúrò lọ́jà láti àárọ̀, ọmọ wo ni yóò gbà pé ó rí orí tó wọ́? Bí mo bá bá wọn gbọ́ mẹ́sàn-án, wọn a gbọ́ tèmi lórí ìkẹwàá.

Ẹni tó bá sì ti dúró nítòsí onílù rí mọ̀ pé onílù náà ń wo ẹsẹ̀ oníjó. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe lọ ni ọ̀pá ṣe ń tẹ̀lé e. Bí àgbà bá kúrò lójú agbo, ìwọ̀nba àwọn tó kù ni onílù yóò máa lù fún. Àwọn ọmọ wa kan ń gbìyànjú láti fi ẹnu Okun kọrin, ẹnu tí rédíò ìgbà tiwa kò fún wa. Bí àwa tí a gbọ́ ẹnu náà jù bá kọ̀ tí a ò tẹ́tí, ta ni kí wọ́n máa kọ ọ́ fún?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tún dé. Ó ní Asake olórin yẹn, orúkọ ìyá rẹ̀ ni Àṣàkẹ́ tó fi ń kọrin, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo ní oríkì obìnrin ni, ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni oríkì ìyá tèmi. Mo sọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó tún pè é nínú ilé yìí. Ọmọ náà pa orin, ó pe oríkì náà lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé. Ó gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ mi lẹ́nu, ó ní kí n tún un pè, kí òun gba ohùn mi sílẹ̀.