Ta ló ní Ivan Lendl ò mọ tẹ́níìsì orí koríko gbá?

Ẹ dárúkọ Ivan Lendl láàárín àwọn tó fẹ́ràn tẹ́níìsì, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ ọ́: "Ọ̀gá ni o, àmọ́ kò mọ orí koríko gbá." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà tó fojú rí Lendl, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tí ì bí nígbà tó gbé rakẹ́ẹ̀tì jù sílẹ̀ ní 1994. Bákan náà ni gbogbo wọn ń sọ ọ́, bí ẹni tó há a sórí. Ó máa ń dùn mí, torí ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan wo àkọsílẹ̀ Wimbledon, ìdíje ńlá orí koríko tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, á rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òótọ́ ni pé Lendl ò gba Wimbledon rí. Nínú ìdíje mẹ́rin tó ga jù nínú tẹ́níìsì, ife ńlá mẹ́jọ ló gbà: mẹ́ta ní Faransé (1984, 1986, 1987), mẹ́ta ní Amẹ́ríkà (1985, 1986, 1987), méjì ní Ọsirélíà (1989, 1990). Ọ̀sẹ̀ 270 ló fi wà ní ipò kìíní lágbàáyé, ife 94 ló sì kó jọ lápapọ̀. Wimbledon nìkan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn wá mú "kò gbà á", wọ́n sọ ọ́ di "kò mọ̀ ọ́n gbá", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọ ara wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í dé. Ní 1978, nígbà tí orúkọ ọmọkùnrin láti Ostrava yìí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà, kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ ròkè, ó gba Wimbledon ti àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Orí koríko ló ti gbà á, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń gbá a ní Wimbledon.

Ká wá bọ́ sí ọdún mẹ́jọ láti 1983 sí 1990. Nínú ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ̀ẹ̀meje ni Lendl dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Wimbledon. 1985 nìkan ni kò débẹ̀, Henri Leconte ará Faransé ló dá a dúró ní ìpele kẹrin. Nínú ẹ̀ẹ̀meje náà, ó kọjá dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì, ní 1986 àti 1987. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ọkùnrin 128 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí lọ́dọọdún. Tó bá ku mẹ́rin péré, Lendl wà lára wọn, ọdún lẹ́yìn ọdún, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èèyàn lè ṣèèṣì débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì bí orí bá bá a ṣe é. Ta ló ń ṣèèṣì lẹ́ẹ̀meje?

Ta ló wá ń nà án níbẹ̀? John McEnroe ní 1983, Jimmy Connors ní 1984, Boris Becker ní 1986, Pat Cash ní 1987, Becker lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1988, Becker náà ní 1989, Stefan Edberg ní 1990. Nínú méjèèje yìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹni tó na Lendl gbé ife náà lọ sílé lọ́dún yẹn gan-an. Èyí tó ṣẹ́kù ni ti Connors ní 1984 àti ti Becker ní 1988, àwọn méjèèjì sì ti gba Wimbledon lẹ́ẹ̀mejì-mejì ṣáájú ìgbà náà. Láti 1983 sí 1990, ẹnu ọ̀nà ilé ọba ni Lendl máa ń dé, ọba fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń dá a padà.

Ìdíje 1987 ni mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí jù. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Lendl pàdé Edberg, ará Sweden tí gbogbo ayé gbà pé ọwọ́ rẹ̀ nídìí àwọ̀n dà bí ẹni tó ń fi ìyẹ́ gbálẹ̀. Edberg gba séètì kìíní, ìyẹn abala àkọ́kọ́ nínú ìdíje náà, Lendl gba mẹ́ta tó kù: 3-6, 6-4, 7-6, 6-4. Edberg kan náà ló gba Wimbledon lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó tún gbà á ní 1990. Ẹni tí wọ́n ní kò mọ koríko gbá ló na ẹni tí koríko jẹ́ ilé rẹ̀, lórí koríko, ní Wimbledon. Lẹ́yìn náà ni Cash nà án ní àṣekágbá, 7-6, 6-2, 7-5, tó sì gun orí ìjókòó àwọn òǹwòran lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Àwòrán Cash yẹn làwọn èèyàn rántí. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ Edberg.

Ti 1989 tún wà ńbẹ̀. Becker ló ṣíwájú, Lendl bá a, ó sì kọjá rẹ̀, ó ti gba séètì méjì sí ẹyọ kan kí Becker tó yí i padà: 7-5, 6-7, 2-6, 6-4, 6-3. Becker tó wà nínú agbára rẹ̀ ni o, Becker tó ti gba Wimbledon nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Séètì márùn-ún gbáko ló ná an kó tó borí ẹni tí wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n gbá.

Koríko ò sì parí sí Wimbledon nígbà yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé orí koríko ni wọ́n ti ń gbá ìdíje ńlá ti Ọsirélíà, ní Kooyong ní Melbourne, títí di 1987. Lendl dé àṣekágbá níbẹ̀ ní 1983, ó dé ìpele tó kángun sí i ní 1985 àti 1987. Ẹ fi kún ti Wimbledon, àṣekágbá ńlá mẹ́ta ló dé lórí koríko. Ìdíje Queen's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń pọ́n ara wọn mú kí Wimbledon tó bẹ̀rẹ̀, òun ló gbà á ní 1989, ó tún gbà á ní 1990. Ẹni bá fẹ́ jiyàn sí Queen's, kó dúró de ìparí ọ̀rọ̀ mi.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti jáde? Lendl fúnra rẹ̀ dá kún un, mi ò ní tan ara mi jẹ. Ní 1981, ìpele kìíní ni Charlie Fancutt ará Ọsirélíà ti lé e jáde ní Wimbledon. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò tiẹ̀ lọ rárá. Ohun tó gba ìgboro kan ni pé ó ní koríko ń bá òun lára jà, àwọn èèyàn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tó fẹ́ràn golf, bẹ́ẹ̀ orí koríko ni wọ́n ti ń gbá golf. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu pé màlúù ni koríko wà fún. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lórúkọ Manuel Santana ará Sípéènì ṣáájú Lendl, Santana sì gba Wimbledon ní 1966! Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ kó tó di 1983, kí ọdún mẹ́jọ tí mo kà sílẹ̀ lókè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ìgbà èwe ọkùnrin náà ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ojú tún jẹ́ ẹlẹ́rìí èké níbẹ̀. Becker á fò sọdá bí ológbò, á ṣubú, á dìde pẹ̀lú koríko lára aṣọ funfun, ariwo á ta. Edberg á rìn dé ìdí àwọ̀n bí ẹni pé kò fi agbára ṣe é. Ti Lendl le gbagidi. Ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tó máa dúró sí, a sì máa ń rí òógùn lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òǹwòran wá ka àìrọrùn sí àìmọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Koríko ò bá ọwọ́ Lendl mu bí ilẹ̀ amọ̀ tàbí ilẹ̀ líle ṣe bá a mu. Bọ́ọ̀lù orí koríko ìgbà náà máa ń yọ̀, kì í ga kúrò nílẹ̀, ó sì lè kọlu ibi tó ti ṣá kó yà sọ́tọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Lendl, tó jẹ́ ohun ìjà rẹ̀, fẹ́ bọ́ọ̀lù tó ga dé ìbàdí, ó sì fẹ́ àyè láti na ọwọ́ sẹ́yìn dáadáa. Koríko ò fún un ní àyè yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wá olùkọ́: láti 1985 ló ti gba Tony Roche, ará Ọsirélíà tó gba Wimbledon oníméjì-méjì lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú John Newcombe, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń yìn fún bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lójú òfuurufú kó tó kanlẹ̀. Ohun tí Lendl wá ń ṣe ní Wimbledon ni pé tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, á sáré lọ sídìí àwọ̀n, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù kìíní tàbí èkejì tí wọ́n máa ń gbá bí ti kìíní bá ṣì.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ló ti ṣì í. Kò yẹ kó máa tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kejì lọ síwájú. Ká ní ó dúró sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kó jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣiṣẹ́, bóyá ìtàn á yàtọ̀. Andre Agassi gba Wimbledon ní 1992 láti ìlà ẹ̀yìn, ó na Becker, ó na McEnroe kó tó borí Goran Ivanisevic ní àṣekágbá. Àmọ́ ẹ̀sùn pé ó yan ọ̀nà tí kò dára tó yàtọ̀ sí ẹ̀sùn pé kò mọ ọ̀nà kankan. Ọ̀nà tí kò dára tó náà ló gbé e dé ibi mẹ́rin ìkẹyìn lẹ́ẹ̀meje.

Mats Wilander gba ife ńlá méje, kò kọjá ibi èèyàn mẹ́jọ ní Wimbledon rí. Mi ò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ò mọ koríko gbá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ó gba ti Ọsirélíà lẹ́ẹ̀mejì lórí koríko. Pete Sampras gba Wimbledon lẹ́ẹ̀meje, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré, ní 1996, ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń gbá a lórí ilẹ̀ amọ̀. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan yẹn wé ẹ̀ẹ̀meje tí Lendl débẹ̀ ní Wimbledon.

Ó wá ku 1990. Lendl ti pé ọgbọ̀n ọdún, òun ló wà ní ipò kìíní lágbàáyé. Ó fi ìdíje Faransé sílẹ̀ pátápátá, ìdíje tó ti gbà lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè ráyè fi gbogbo ara múra sílẹ̀ fún koríko. Ní àṣekágbá Queen's, ó fún Becker ní 6-3, 6-2. Becker tó ń di ife Wimbledon mú lọ́wọ́ ni o. Ó lọ sí Wimbledon, ó tún dé ibi mẹ́rin ìkẹyìn. Edberg ló dúró dè é níbẹ̀. Edberg nà án ní séètì mẹ́ta gbáko, ó sì na Becker ní àṣekágbá, ó gbé ife lọ.