Ta ló ní táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ sanra ju ti iwájú lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti lé ní ogún ọdún, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, ẹni tó ni ín á wá lọ ra táyà méjì tó gbòòrò, ẹ̀yìn ni yóò kó wọn sí. Ẹ bi í pé kí ló dé, á ní kí ọkọ̀ lè "jókòó dáadáa". Àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ á máa pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà táyà kan tó wọ́pọ̀ lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 15 ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì. Onítọ̀hún á ra 215/65R15 sẹ́yìn. Àlàyé rẹ̀ ni pé 65 kò yí padà, 15 kò yí padà, ó kàn fẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣì í. 65 yẹn kì í ṣe mìlímítà, iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ni. Ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún 195 jẹ́ mìlímítà 126.75, ti 215 jẹ́ 139.75. Bí táyà ṣe ń fẹ̀ náà ló ń ga. Ẹ sọ ọ́ di méjì, torí ẹ̀gbẹ́ táyà wà lókè ríìmù, ó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi ríìmù 15 tó jẹ́ mìlímítà 381 kún un. Gíga táyà iwájú dúró sí 634.5, ti ẹ̀yìn dúró sí 660.5.

Mìlímítà 26! Nínú kìlómítà kan, táyà iwájú á yí nǹkan bí ìgbà 502, ti ẹ̀yìn á yí nǹkan bí ìgbà 482. Bí ọkọ̀ bá ní ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí bírékì di ẹsẹ̀ ọkọ̀ pa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ̀ pé fáàrí lẹ ń ṣe. Ohun tó rí ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ tí bírékì fẹ́ dì pa ṣe máa ń falẹ̀. Iná ABS lè tàn kalẹ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ṣì dára. Èyí tó burú ni kó má tàn, kó kàn máa dẹ bírékì ẹ̀yìn nígbà tí ẹ nílò rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, ẹ má tiẹ̀ dán an wò: gíá tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn kò ní sinmi, á máa gbóná títí á fi jẹ ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ní dandan ni 215, 215/60R15 ló yẹ kó rà. 639 ni gíga tirẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kó wọ̀ ọ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó sì kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ríìmù, torí 6J, ìyẹn ríìmù tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́fà, ló kéré jù fún táyà yẹn, lórí 5.5J, á wú bíi pọ́fúpọ́fú ni.

Ọ̀rọ̀ àáyè ńkọ́? Táyà tó fi mìlímítà 20 fẹ̀ sí i lórí ríìmù kan náà, 10 á yọ síta, 10 á wọnú. Tìta ni gbogbo èèyàn ń wò, tinú ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ tan iná sáàárín táyà àti ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka kò bá kọjá wẹ́rẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn tí búùtù sì kún? Bó bá ti ń ha, ẹ máa rí ìlà kan tó ń dán yinrin tó yí èjìká táyà ká nínú lọ́hùn-ún, ìyẹ̀fun dúdú á sì ti kù sára irin ṣọ́ọ̀kì. Tó bá yá, wáyà inú táyà á yọjú. Àwọn kan á ní kí ẹ fi sípésà sí i, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń ti ríìmù síta. Sípésà! Ẹ gbé e kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, ètè mọ́gáàdì ń gé e lóde.

Kí sì ni èrè rẹ̀? Ọkọ̀ tí iwájú ń fà, iwájú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ̀ ní kọ́nà. Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀yìn tún di ilẹ̀ mú sí i, iwájú á túbọ̀ yọ̀ ni. Iwájú yìí kan náà ló ń yára jẹ táyà, ẹ kò sì ní lè gbé tẹ̀yìn wá síwájú mọ́, torí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ẹ má fi èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ táyà tuntun o. Bí táyà méjì péré lẹ fẹ́ rà, tí nọ́ńbà wọn bá bá ti àwọn tó kù mu, ẹ̀yìn ni kí ẹ kó wọn sí, kódà bó jẹ́ iwájú ló ń fà. Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: iwájú ló ń fà, iwájú ló ń yà, iwájú ni bírékì pọ̀ sí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú omi, bí iwájú bá yọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sítíárìn, ẹ ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, kí ẹ tó mọ̀, ọkọ̀ ti kọjú síbi tó ti ń bọ̀.

Nọ́ńbà tó yẹ ọkọ̀ yín wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lẹ́yìn ìdérí ibi tí wọ́n ń da epo sí. Ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e náà, òun ló ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé: 91 gbé kílò 615, 88 gbé 560 péré.

Ibi tí ẹnu mi kò ti gbà mí tó ni àwọn bíi BMW 540i ti E39 (orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún ìran ọkọ̀ náà), tí ẹ̀yìn ń tì. Láti ilé iṣẹ́ ni àwọn kan lára wọn ti wọ 235/45R17 síwájú àti 255/40R17 sẹ́yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀: 643.3 síwájú, 635.8 sẹ́yìn. Èyí tó fẹ̀ jù ló kúrú jù. Ohun tí wọ́n kọ ni mo máa ń ní kí àwọn onírú ọkọ̀ yìí tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń wọ 235/45R17 yíká kí wọ́n lè máa pààrọ̀ iwájú sẹ́yìn, ríìmù ẹ̀yìn tó jẹ́ 9J sì gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ààlà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn á fúyẹ́ díẹ̀ ní kọ́nà ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Àmọ́ búṣì, ìyẹn rọ́bà oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ti lo ọdún 25 lábẹ́ ọkọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe ṣe é mọ́. Èwo ló wá léwu jù nínú méjèèjì? Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.