Kì í ṣe orí Mikel ló mú Lyn

Mo ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí n gbójú fò ó, ṣùgbọ́n mo rí i pé tí n kò bá tú u sílẹ̀ níbí, màá bá onígbàjámọ̀ mi jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló mọ ibi tí orí mi ti wọ́.

Ẹ mọ̀ pé iná kì í lọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn àfi tí wọ́n bá gẹ orí ènìyàn dé ìlàjì. Ìlàjì gan-an ló gẹ tèmi dé. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Èmi jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè tí wọ́n tún yí ọkàn padà.

Ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́ẹ̀sì Chelsea wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo fídíò John Obi Mikel, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea, lórí fóònù rẹ̀. Ni onígbàjámọ̀ mi bá dá sí i: "Kíláàbù Norway tó fẹ́ fi tipátipá tà á fún Manchester yẹn ńkọ́? Lyn! Ṣebí wọ́n ti kógbá sílé. Orí Mikel ló mú wọn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Chelsea yẹn tiẹ̀ ní ṣé kíláàbù ló ń jẹ́ Lyn ni, pé òun rò pé orúkọ obìnrin ni.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Ẹ̀yin tó ń tẹ̀lé mi mọ̀ pé Manchester United ni mí, láti ìgbà tí United ṣì ń ṣe bíi United. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé kí n fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ọgbẹ́ ọkàn ni fún mi. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni wọ́n gbé Mikel jáde fún àwọn oníròyìn ní Oslo pẹ̀lú jẹ́ẹ̀sì United, nọ́ńbà 21. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló tíì fi kọjá ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìdínlógún. Mo gé àwòrán náà nínú ìwé ìròyìn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì. Mo ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé Roy Keane, balógun wa, ti rí àrólé, ọmọ Nàìjíríà sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Chelsea wá kí mi, ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "Má fi gọ́ọ̀mù púpọ̀ sí i o, kó lè rọrùn láti ṣí."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Mikel fi pòórá ní Oslo.

Ẹ mọ ìyókù. Ó yọ ní London lọ́dọ̀ John Shittu, aṣojú rẹ̀. Ó ní wọ́n fúngun mọ́ òun ni òun fi tọwọ́ bọ̀wé United. Lyn ní irọ́ ni. United ní ìwé àwọn ni ìwé. Chelsea ní àwọn ti ń bá ọmọ náà bọ̀ kí United tó dé. Láàárín ariwo yìí ni ọmọ náà lọ sí Netherlands, ó gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Messi nìkan ni wọ́n kà sí ẹni tó jù ú lọ níbẹ̀. Nínú àṣekágbá, Messi gba pẹ̀nárítì méjì wọlé, Argentina fi 2-1 nà wá. Ta ló gbá ayò wa kan ṣoṣo yẹn sáwọ̀n? Chinedu Obasi, tí wọ́n ń pè ní Ogbuke nígbà náà. Kíláàbù wo ló ti wá? Lyn. Ẹ kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu onígbàjámọ̀ mi.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006 ni wọ́n tó parí ìjà. Chelsea san mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn kí Mikel lè di tiwọn, mílíọ̀nù 12 fún United, mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. United tèmi gba mílíọ̀nù 12 lórí ẹni tí kò gba bọ́ọ̀lù kan fún wọn rí, kódà kó jẹ́ ti ìdánrawò. Lyn tí Mikel gbá ìdíje mẹ́fà ní líìgì fún, tó sì gbá ayò kan wọlé fún, ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà ni wọ́n fún un. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní olè títí dòní. Ọmọ ìlú kékeré ni wọ́n máa ń dì í rù.

Èmi náà kò béèrè ohunkóhun nípa Lyn nígbà náà. Olè ni mo pè wọ́n bí gbogbo ayé ṣe ń pè wọ́n. Lẹ́yìn tí mo ti ya àwòrán yẹn kúrò lára ògiri (ó ya, gọ́ọ̀mù kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣẹ́ kù) ni mo wá ń wò ó pé, kí ni wọ́n ń pè ní Lyn gan-an?

Mo wá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú orí tí wọn kò gẹ tán. Mo ní Lyn, mànàmáná ló ń jẹ́ ní èdè àwọn ará Norway. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mo yíjú sí ọmọ Chelsea yẹn, mo ní ọdún mẹ́sàn-án gbáko ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan tìrẹ. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ eré orí yìnyín ni wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, torí ní ìlú wọn, ẹni tí kò mọ pátákó tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rìn ló rí. Ife ẹ̀yẹ Norway, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n gbà á, mẹ́rin nínú rẹ̀ léra-léra láti 1908 sí 1911. Wọ́n gba líìgì ní 1964. Ní 1968 wọ́n gba líìgì àti ife pọ̀ lọ́dún kan. Nínú ìdíje àwọn tó gba ife ní Yúróòpù ní sáà 1968 sí 1969, wọ́n dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ, Barcelona ló sì lé wọn jáde, ayò kan péré ni Barcelona fi jù wọ́n lọ lẹ́yìn ìdíje méjì: 3-2, lẹ́yìn náà 2-2. Barcelona o! Ẹ lọ wo iye tí Barcelona fi ń na àwọn tí ẹ̀ ń bẹ̀rù lónìí.

Onígbàjámọ̀ mi tẹ́tí, ó fi aṣọ nu klípà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ní mànàmáná ni? Ọ̀rọ̀ parí. Mànàmáná a máa pẹ́ lójú ọ̀run ni?"

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mo gbà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Kíláàbù yẹn kò kú nítorí Mikel. Ní ọdún 2005 tí gbogbo ariwo yẹn ń lọ, ipò kẹta ni wọ́n wà nígbà tí líìgì parí. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé Vålerenga ló gba líìgì yẹn, ìyẹn aládùúgbò wọn. Ìlà-oòrùn Oslo níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ni Vålerenga, ìwọ̀-oòrùn tí àwọn olówó ń gbé ni Lyn. Ẹ fojú inú wo bí ìyẹn ṣe rí. Àwọn ọmọ olówó wọ̀nyẹn ni gbèsè wá ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ní 2009 wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà, àwọn ló wà nísàlẹ̀ tábìlì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2010, láàárín sáà, gbèsè borí, wọ́n kógbá sílé. Agbábọ́ọ̀lù tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ ju owó tó ń wọlé, pápá Ullevaal ńlá tí kì í kún, olówó tó ti ń náwó sí i tó sú u. Ẹ kò nílò babaláwo láti mọ ohun tó pa irú kíláàbù bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ẹgbẹ́. Olówó lè wá kó owó sílẹ̀, ó lè kó o lọ, ṣùgbọ́n kò lè di orúkọ náà sínú àpò lọ. Nítorí náà àwọn olólùfẹ́ Lyn gbé orúkọ wọn, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ àkàbà láàárín àwọn tí kò gba owó, kíláàbù tó ti bá Barcelona wọ̀yá ìjà. Ó gbà wọ́n ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní ìparí sáà 2023 wọ́n gòkè, ní 2024 wọ́n tún ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì. Ẹ wá ń sọ pé wọ́n ti kú.

Bàbá kan wà ní kọ̀rọ̀ tó ń dúró de tirẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ó ní, "Leventis ńkọ́?" A yíjú sí i. Ó ní, "Leventis United, níbí, ní Ìbàdàn. Wọ́n gba Challenge Cup, ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà, ní 1984. Wọ́n tún gbà á ní 1986. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á ní 1985 àti 1987. Àwọn méjèèjì dà? Orí ta ló mú wọn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Bàbá ní ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá ti ní ó tó, ó parí nìyẹn, àwa tí a ń pariwo lórí àga Liberty Stadium kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí a lè gbé lọ síbì kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n dì mọ́ ọn, aṣọ onígbàjámọ̀ ni kò jẹ́.

Mo wá gbé èyí tí mo fẹ́ràn jù jáde. Mo ní, ẹ mọ Odion Ighalo, ọmọ Ajegunle? Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Mo ní níbo ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù? Watford, ni ọmọ Chelsea sọ. Mo ní irọ́. Lyn ni. Ní 2007. Henning Berg tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún United ni kóòṣì rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ẹni tó pòórá. Ní 2008 ó gba Udinese ní Italy lọ. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2020, tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, United pè é láti China, ó wọ pupa tí Mikel fi ya fọ́tò. Ṣé ẹ rántí ayò tó gbá sáwọ̀n LASK, kíláàbù Austria, ní oṣù Kẹta ọdún yẹn? Ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù fò sókè, ó tún un gbá, ó fi òsì já a sáwọ̀n, bọ́ọ̀lù bá ọ̀pá orí gọ́ọ̀lù kó tó wọlé. Kò sì sí òǹwòran kan nínú pápá, àrùn kòrónà ti dé. Mo pariwo nínú pálọ̀ mi títí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn. Lyn ló jẹ mí ní gbèsè ọmọ Nàìjíríà kan ní United láti 2005. Lójú tèmi, wọ́n san án.

Mo rò pé mo ti jàre nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Onígbàjámọ̀ mi yí orí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ apá tó kù, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn yẹn, oṣù Kẹfà 2006 ni ẹ ní wọ́n gbà á. Oṣù Kẹfà 2010 ni ẹ ní wọ́n kógbá sílé. Kí ni wọ́n fi ṣe?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo mọ̀ pé Chelsea tún pe Lyn lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà lórí ìwé àdéhùn Mikel, tí wọ́n fi parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. N kò sọ ọ́ fún un. Ó lè fi gbogbo àlàyé mi gẹ irun.

Láti Sátidé ni mo ti ń rò ó. Bóyá nígbà tó ní orí Mikel ló mú wọn, kì í ṣe àdó ikú ló ń sọ. Bóyá ohun tó ń sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ti Jos wá sí Oslo, gbogbo àgbàlagbà tó wà láyìíká rẹ̀ sì ń gbé ìṣírò owó lé e lórí, Lyn pẹ̀lú wọn, United mi pẹ̀lú wọn. Èmi náà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, n kò béèrè lọ́jọ́ kan bóyá ọmọ náà fẹ́ wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wá èsì Lyn lórí fóònù. Mo ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò mọ ẹyọ kan. Ó ṣe mí bákan pé mo kọ́kọ́ wá bóyá orúkọ Nàìjíríà wà níbẹ̀.