Kí Ẹ Tó Ra Ehoro Ní Ifẹ̀, Ẹ Bèèrè Ìyá Rẹ̀

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́: ẹni tó bá ń ta ọmọ ehoro tí kò lè fi ìyá ọmọ náà hàn yín, ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ẹni tó gbé páálí kalẹ̀ ní Lagere, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń nà án sí yín lójú fèrèsé ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ tí wọ́n sì tan iná sí. Ẹ bi wọ́n pé, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Bí ìdáhùn bá ti di "Oko ló wà" tàbí "Ẹnì kan ló kó wọn wá láti Ìpetumodù," ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà. Ọ̀dọ̀ alárobọ̀ ni.

Alárobọ̀ kì í ṣe olè. Òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ: á ra méjì níbí, á ra mẹ́ta lọ́hùn-ún, á da gbogbo wọn pọ̀ sínú páálí kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ní kúrúnà, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti lè ran àwọn yòókù. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí èyíkéyìí nínú wọn, kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, kò sì mọ èwo ló jẹ́ ọmọ ìyá èwo. Gbogbo ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ ló ti sọnù sójú ọ̀nà.

Ẹni tó ń sìn wọ́n fúnra rẹ̀ á mú yín lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wo ìyá dáadáa: ṣé irun rẹ̀ ń dán, ṣé inú etí rẹ̀ mọ́, ṣé ẹran wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n so káàdì mọ́ ara kéèjì. Káàdì gidi kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọjọ́ tí wọ́n gùn ún, nọ́ńbà akọ tó gùn ún, ọjọ́ tó bímọ, iye ọmọ tó bí, iye tó kù. Ìbéèrè kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n bi ọlọ́jà: abo ni wọ́n ń gbé lọ bá akọ ni, àbí akọ ni wọ́n ń gbé lọ bá abo? Ẹni tó mọṣẹ́ á ní abo la ń gbé lọ sí kéèjì akọ, nítorí abo kì í fẹ́ àlejò nínú ilé tirẹ̀, jíjà ni yóò máa bá a jà.

Ọjọ́ orí ni wàhálà tó pọ̀ jù. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni ehoro fi ń lóyún. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì là láàárín ọjọ́ 10 sí 12. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ oúnjẹ ìyá rẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà ló yẹ kí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, ọ̀sẹ̀ kẹjọ sì ni èmi gbà pé ó tó í tà fún ẹlòmíì. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n ń gbé e wá sọ́jà, torí ìgbà yẹn ni irun rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí òwú, tí ọmọdé á rí i, á bú sẹ́kún pé àfi kí wọ́n rà á fún òun. Ẹni tó tà á sì ti bọ́ lọ́wọ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọmọ náà. Inú ìfun kan tó rí bí àpò ni ewé ti ń dà fún ehoro, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló sì ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀, wàrà ìyá ló sì ń ṣọ́ ikùn ọmọ títí dìgbà yẹn. Bí a bá já a lẹ́nu ọmú lójijì, tí a gbé e rin nínú oòrùn, tí a wá da ewé tútù síwájú rẹ̀ nílé tí kò mọ̀ rí, ikùn rẹ̀ á dàrú. Lọ́jọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ á rin gbindin, á ká jọ sójú kan, á máa lọ eyín rẹ̀ nítorí inú ń run ún, ikú ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tẹ́ ẹ bá pe ẹni tó tà á, á ní ewé ni ẹ fún un jù. Kò ní sọ pé ọmọ tó yẹ kó ṣì wà lábẹ́ ìyá rẹ̀ lòún tà fún yín.

Bí kò bá sí káàdì, ẹ gbé e lé sikéèlì. Àwọn ehoro àdàlú tí a ní níbí kì í wúwo tó ti òkè òkun, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá tíì tó ìdajì kílò, ẹ dá a padà síbi tó wà. Ẹ sì ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ lójú yín. Èyí tó ti gbọ́n oúnjẹ á kọjú sí pélẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ ehoro oníhóró, ẹ ó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń fọ́ ọ lẹ́nu. Èyí tó ṣì ń wá ọmú á kàn máa fimú gbọ́ ọ káàkiri ni.

Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Lọ́sàn-án gangan, pàápàá nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, gbogbo ehoro ló máa nà gbalaja nítorí ooru, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn yàtọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ dúró wò wọ́n. Èyí tó dá ká jọ sí kọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun, ẹ fi í sílẹ̀.

Inú etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí èépá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ki bí èérún búrẹ́dì tó jóná, kòkòrò etí ni. Dókítà ẹran lè fi abẹ́rẹ́ ivermectin wò ó, ó sì gbọ́dọ̀ tún un gún lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé gbogbo ehoro tó bá a gbé kéèjì náà ló ti kó o. Kúrúnà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní etí imú, ètè àti ìka ẹsẹ̀, á rí bí eérú tó gbẹ mọ́ awọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni inú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì níwájú. Ehoro máa ń fi ọwọ́ nu imú bíi ti ológbò. Ọlọ́jà lè ti nu ikun kúrò nímú rẹ̀ kí ẹ tó dé, ṣùgbọ́n kì í rántí ọwọ́. Ẹ yí ọwọ́ náà síta: bí irun ibẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀, tó le, tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ehoro yẹn ti ń sín fún ọjọ́ pípẹ́. Bákitéríà Pasteurella ló sábà máa ń fa irú ọ̀fìnkìn yìí. Oògùn lè dá a dúró, àmọ́ ó máa ń padà wá, á sì ran gbogbo ehoro inú ilé. Èmi ò ní gba irú ehoro bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ.

Ẹ wá fi ìka méjì ya ètè rẹ̀ díẹ̀. Eyín iwájú tòkè gbọ́dọ̀ gun orí tìsàlẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ideri bo ìkòkò. Eyín ehoro kì í yé hù láyé rẹ̀, ó máa ń gùn tó nǹkan bíi mílímítà 2 lọ́sẹ̀, jíjẹ oúnjẹ àti lílọ̀ mọ́ra wọn ló ń dín in kù. Bí tòkè àti tìsàlẹ̀ ò bá pàdé, wọ́n á máa hù lọ títí wọn á fi ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ebi á sì pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àjogúnbá ni. Ẹ tún rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ wo ìyá.

Ìyókù kò le: kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní irun láìsí egbò, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ má gún yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ kékeré rírọ̀ tó so pọ̀ bí èso àjàrà, tí ehoro ń tẹ orí ba jẹ ẹ́ tààrà láti ìdí ara rẹ̀, ẹ má sá. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kejì tí ewé ń gba ikùn kọjá ni.

Nípa akọ àti abo, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ lé itan yín, kí ẹ fi ìka méjì rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀. Ti akọ á yọ jáde roboto bí ọ̀pá kékeré. Ti abo á là gbọọrọ lọ sí ìhà ihò ìdí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹni tó mọṣẹ́ náà ṣì lè ṣì í. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, kóró akọ á ti hàn. Nítorí náà, kí ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, tàbí kó kọ ọ́ sórí ìwé owó, pé bí akọ bá di abo, yóò pààrọ̀ rẹ̀. Akọ méjì nínú kéèjì kan, kóró ara wọn ni wọ́n máa ń gé jẹ tí wọ́n bá ti dàgbà.

"Akọ kan, abo kan" tí wọ́n ń kó jọ tà yẹn tún wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò inú ìtẹ́ kan náà ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bímọ, ẹ mú akọ lábẹ́ ìyá kan, kí ẹ mú abo lábẹ́ ìyá mìíràn tí akọ tó gùn ún yàtọ̀. Àwọn tó ń ta "Hyla" lówó gọbọi náà, ẹ ṣọ́ra. Àdàpọ̀ ìran ehoro ni Hyla. Bí ẹ bá gun Hyla pẹ̀lú Hyla nílé, àwọn ọmọ kò ní rí bákan náà bíi ti òbí wọn. Gbogbo ehoro funfun olójú pupa sì kọ́ ni ìran ehoro tí wọ́n ń pè ní New Zealand White.

Ìwà ọlọ́jà ńkọ́? Ẹ wo bó ṣe ń gbé ehoro. Bó bá fi etí fà á sókè, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára ju eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bó bá ta á lójijì, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, kó sì gbé e mọ́ra. Ẹ fi imú gbọ́ ilé ehoro náà: bí òórùn ìtọ̀ bá ń ta yín lójú, ó ń ta àwọn náà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ tún bi í pé, "Bó bá ṣàìsàn, kí lẹ ń fún un?" Tó bá ní òun máa ń tú ampicillin tàbí amoxicillin sínú omi rẹ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Tí ehoro bá mu irú oògùn bẹ́ẹ̀, kòkòrò rere inú ikùn rẹ̀ ló máa ń pa, burúkú á gbilẹ̀, ehoro á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ náà máa ń pa á. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́, torí pé pẹ̀lú ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é.

Bí gbogbo èyí bá ṣòroó dá yẹ̀ wò, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín lọ. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn tó kàwé jáde níbẹ̀ sì wà láàárín wa.

Ọjọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ ra kílò méjì nínú oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ ọlọ́jà mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn nìkan ni kó jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi tiyín rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún dára fún un, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó rọ kí ìrì orí rẹ̀ gbẹ. Ẹ má fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù tàbí ewé pía. Inú páálí tí ẹ lu ihò sí ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Kò gbọ́dọ̀ wọ àpò, kò gbọ́dọ̀ wọ búùtù ọkọ̀. Ehoro kì í làágùn, etí rẹ̀ ló fi ń tu ara, ooru tó bá ti kọjá 30°C sì ti ń nira fún un.

Tí ẹ bá ní ehoro nílé tẹ́lẹ̀, kéèjì ọ̀tọ̀, níbi tó jìnnà, fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Àwọn ti àtẹ̀yìnwá ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, tuntun ni kó kẹ́yìn, kí ẹ sì fọ ọwọ́. Lọ́dún 2020, àrùn ehoro tí wọ́n ń pè ní RHD wọ Nàìjíríà, Kwara ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Ehoro tó jẹun lálẹ́ lè ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà míì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nímú. Ẹ má pa irú rẹ̀ jẹ, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ẹ sin ín jìn, kí ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì pe ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè yẹ kéèjì tó ti jáde wò kó tó ta ìkejì rẹ̀ fún ẹlòmíì.