Òtútù kì í pa bakitéríà tán: kí wolé-wolé wọ kóòdù rúùmù ẹja

Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tí ẹja òkú Èkó yọ́ nínú fírísà, tí iná wá dé tí ẹja náà sì dì padà gbagidi, ọ̀pọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà pé àbùṣe bùṣe. A gbà pé òtútù ti pa ohunkóhun tó fẹ́ ba ẹja náà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ewu tó wà níbẹ̀ sì ti tó ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ dá sí.

Ẹ wo òkun tó wà lókè àríwá ayé, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń dì. Nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, omi òkun kì í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bíi -1.8°C. Bó ti ń dì, yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra. Ńṣe ló ń lé e sínú àwọn ihò tóóró tó la yìnyín náà já bí afárá oyin. Omi iyọ̀ inú ihò wọ̀nyí kì í dì tán, ibẹ̀ sì ni bakitéríà ń gbé. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Karen Junge, Hajo Eicken àti Jody Deming fi hàn pé bakitéríà inú yìnyín òkun àríwá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní -20°C. Fírísà tó dára, -18°C ni wọ́n ní kó máa wà fún ẹja dídì. Òmíràn tún wà, Psychromonas ingrahamii, tí wọ́n rí nínú yìnyín òkun ní Point Barrow ní Alaska: ní -12°C, ó ń pín sí méjì ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọ̀rá ara irú wọn kì í gan nínú òtútù, àwọn kan sì ń tu oje yíyọ̀ bo ara wọn.

A ò sọ pé àwọn wọ̀nyí ló wà nínú ọbẹ̀ wa. Ooru ìlú wa kò gbà wọ́n láyè. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dá bá lè yè níbẹ̀, kí ló dé tá a fi rò pé fírísà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù á pa èyí tó wà lára ẹja? Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń dúró de ìgbà tí yìnyín á yọ́ ni. Listeria, bakitéríà kan tó ń fa àìsàn, tilẹ̀ ń bí sí i nínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ti Titus ló ká wa lára jù. Bí ẹja yìí bá wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, bakitéríà bíi Morganella morganii á sọ èròjà kan nínú ẹran ara rẹ̀ di ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, tí wọ́n ń pè ní histamine. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀, dídì kò lè yọ ọ́, díndín kò lè yọ ọ́, ata kò sì ràn án. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á gbóná, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ, ó sì lè máa bì. Ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn kan tó ń sọ pé "ara mi ò gba Titus" kàn jẹ ẹja tó ti yọ́ rí ni.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja. Owó ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra páálí ẹja, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì lè jẹ èrè rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dà á nù, tí kò bá wọn wá ibi tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tá a ń fẹ́ nìyí. Kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ kóòdù rúùmù tó ń lo iná oòrùn sí àwọn ọjà ńláńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, kí owó ìlò rẹ̀ má wọ́n. Kí wolé-wolé tó ń yẹ gọ́tà wò máa mú òṣùwọ̀n ooru dání wọ ibi ìtajà ẹja. Kí òfin sọ ọ́ pàtó pé ẹja tó bá ti yọ́ kò gbọ́dọ̀ padà sí fírísà: kí wọ́n tà á tàbí kí wọ́n yan án lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì tutù. LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà láàárín wa láti ọdún 1990, láti ọdún 2020 sì ni ìpínlẹ̀ yìí nìkan ti ni ín. Kí ìjọba gbé owó fún àwọn onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ láti máa yẹ ẹja ọjà wò, kí wọ́n sì máa kéde ohun tí wọ́n bá rí fún aráàlú. Kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí ooru oṣù kejì àti ìkẹta tó wọlé.