Ta ni yóò kọ ọjọ́ tí lékèélékèé dé sílẹ̀?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí lékèélékèé bá ti ń fò kọjá lórí ilé wa, a ó na ọwọ́ sókè, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní gúúsù. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a gba ìhà àríwá lọ láti lọ yé ẹyin, láti lọ pa ọmọ.

Ènìyàn kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, kò lè dúró sójú kan ní Ìbàdàn kí ó fi mọ èyí. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ní láti kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ, kí ẹni tó wà ní Sókótó kọ ọjọ́ tí wọ́n dé, kí wọ́n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ẹlòmíràn tó kó ìwé wọn pọ̀ kà. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹyẹ wà fún nìyẹn. Ní ọdún 1964 ni wọ́n dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ West African Ornithological Society, nítorí ẹyẹ kò mọ ẹnubodè, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó lè dá a dúró. Láti 1979 ni ìwé àtìgbàdégbà wọn ti ń jẹ́ Malimbus, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde yọ̀ǹda ara wọn ni, wọn kì í gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Orúkọ ìwé yẹn kàn wá ju bí a ti rò lọ. Malimbus ni àwọn onímọ̀ ń pe agbo àwọn ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí dúdú àti pupa pọ̀ lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Malimbus ibadanensis. John Elgood, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, tó sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ yìí ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì wà nínú ewu nítorí igbó tí à ń gé. Igbó inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wà lára ibi tí a ti ń rí i. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn léèrè nípa rẹ̀. Àwọn kan rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni.

A máa ń ráhùn pé àwọn òyìnbó ló ń kọ ìtàn ẹyẹ wa, bí ẹni pé wọ́n gba gègé lọ́wọ́ wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ wa mọ ẹyẹ dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun, ó ti wo ìyẹ́ wọn fínnífínní kí ó tó lanu. Ohun tí kò sí nínú ìmọ̀ náà ni ọjọ́ àti ibi. Èmi fúnra mi ní ìwé kékeré kan rí tí mo ń kọ wọ́n sí fún ọdún mẹ́ta, ikán sì jẹ ẹ́ tán nínú àpótí. Ká ní mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, ikán kì bá tí rí iṣẹ́ mi jẹ.

Inú mi dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún Nigerian Bird Atlas Project báyìí, ètò tó ń fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà. Wọ́n pín àwòrán ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9, ẹni tó bá mú ọ̀kan yóò sì lo wákàtí 2 ó kéré tán, yóò máa fi fóònù kọ ẹyẹ bí ó ti ń rí wọn tẹ̀ léra. Àwọn tí mo mọ̀ ń san owó ọkọ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá sì gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dúró lẹ́bàá oko olóko yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ kí ó tó ka ẹyẹ kankan.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní bá wọn rò. Bí wọ́n bá ti ń kọ ọjọ́ àti ibi, kí wọ́n béèrè orúkọ ẹyẹ náà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbọ́ ọ mọ́ ọn. Ẹ ní kí ọdẹ mẹ́ta láti ìlú mẹ́ta tọ́ka sí àkàlà, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn lè má kò. Àwọn àgbà tó lè là á fún wa kò ní wà níbẹ̀ títí.

Ní tèmi, mo ti ra ìwé mìíràn, inú àpótí páànù ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí lékèélékèé kọ́kọ́ bà sí pápá ẹ̀yìn ilé wa ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo ń wá ẹni tó kọ tirẹ̀ lọ́nà Ṣakí.