Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Tó Ń Pa Arọ

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé; bí àwa Yorùbá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí ṣe ń kíra wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ sínú gúrúùpù WhatsApp ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú pé, "Ọ̀rọ̀ omíyalé yìí, ẹjọ́ àwọn ará Lọ́kọ́jà ni. Àwa tí a wà lórí òkè, kí ló kàn wá?" Ènìyàn mẹ́rìnlá ló na àtàǹpàkò sí i. Mo fẹ́ fèsì níbẹ̀, àmọ́ alákòóso gúrúùpù wa kì í fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìjọba da ìkíni ọjọ́ ìbí rú, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022? Èmi wà ní Koton-Karfe. Àbújá ni mo ti ń bọ̀, Kábà ni mò ń lọ, a fẹ́ sin òkú àna wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wa débẹ̀, a ò rí títì mọ́. Omi ti bo ọ̀dà, àwọn tánkà epo tò sẹ́yìn ara wọn títí ojú ò fi rí ìparí wọn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: alájì tó gun jíìpù, ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì, sọ́jà, ọmọ ilé-ìwé gíga, gbogbo wa jókòó lórí ẹrù wa létí títì. Tòmátì ìyá yẹn ti ń sunkún kí ìyá fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ń pe iye tó bá ti wá sí i lẹ́nu. Mo wọ ọkọ̀ igi, mo gbé bàtà lọ́wọ́, mo di aṣọ ẹbí sínú ọ̀rá. Kí n tó dé Kábà, wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti jẹun tán, àwọn tó yá àga ti ń ka àga wọn. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní Àbújá náà ń sun ìlà epo, nítorí ọ̀nà kan náà ni epo wọn ń gbà.

Ó kàn wá nìyẹn. Ká má tíì sọ àwọn ará wa Ọ̀wọ́rọ̀ tí ilé wọn wà létí Lọ́kọ́jà gan-an. Ìgbà wo la yọ wọ́n kúrò nínú àwa ọmọ Òkun?

Ohun tó ń dùn mí ju omi lọ ni pé kò sí ìgbà tí omi yẹn dé wá lójijì. Odò Ọya ń bọ̀ láti ìhà Kainji àti Jebba, odò Bẹ́núé ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù, wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ìpàdé odò yìí náà ni wọ́n fi ń yangàn lórí nọ́ńbà ọkọ̀ wa. Kamẹrúùnù kọ́ dáàmù Lagdo sórí Bẹ́núé, wọ́n parí rẹ̀ ní 1982. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé Nàìjíríà náà yóò kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa, kí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lọ́hùn-ún lè ríbi dúró sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọ́n kọ́ tiwọn. Àwa ń ṣèpàdé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n parí Lagdo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, àfàìmọ̀ kí òun náà má ti ní ọmọ ní Yunifásítì.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde, NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, náà máa ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni omi máa ń ga jù ní Lọ́kọ́jà. Ẹni tó jẹ mí lówó kò dá ọjọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní 2012, NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, fúnra wọn ka òkú 363 káàkiri Nàìjíríà, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó sá kúrò nílé. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fún wa láti múra. Ní 2022, òkú lé ní 600. Arọ gbọ́ o. Ta ló gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀?

Mi ò bú ẹni tó gbé ìrẹsì àti fóòmù wá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ jẹun, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi sùn. Ṣùgbọ́n ìjọba tó jẹ́ pé ìgbà tí omi bá dé àyà ló ń wá ọkọ̀ ojú omi, tó ń fi fọ́tò ìrẹsì yangàn, ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ kọjá àkókò. Oṣù kejì la wà yìí. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ìsinsìnyí ló yẹ ká máa gbọ́ ariwo katakata lójú ọ̀nà Ganaja, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé Lọ́kọ́jà tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni omi kọ́kọ́ máa ń gé. Ìsinsìnyí ló yẹ kí wọ́n ti máa la gọ́tà, kí wọ́n sọ fún àwọn tó ń kọ́lé sí bèbè odò pé ilẹ̀ kọ́ nìyẹn, ibùsùn odò ni. Kí wọ́n sì sọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà fún wọn.

Mo mọ èsì tí ìjọba máa ń fọ̀: "A ní kí wọ́n kúrò, wọn ò kúrò." Àbúrò ìyá mi kan wà ní Adankolo, Ìyá Lọ́kọ́jà la máa ń pè é. Èmi náà ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní, "Ìyá, ẹ wá sílé, ilé wa ní Ìyàrá ṣófo." Ó wò mí títí. Ó ní ní 2012 òun gbọ́ràn, òun kó lọ sí àgọ́. Kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó wọn sí, ìdílé mẹ́ta nínú kíláàsì kan, ilé ìyàgbẹ́ kan fún gbogbo ayé. Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé padà, wọ́n lé wọn jáde bí ìgbà tí wọ́n ń lé ewúrẹ́. Ìgbà tí òun délé, wọ́n ti yọ ìlẹ̀kùn àti ẹ̀rọ ìlọta òun lọ. "Omi ò gbé ẹ̀rọ mi, ọmọ mi. Ènìyàn ló gbé e." Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè pe àwọn tó kọ̀ láti kúrò ní olórí kunkun. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn kúrò nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibi tó máa dé hàn án, kó sì ní ẹ̀ṣọ́ tó máa ṣọ́ ohun tó fi sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Láti 1981 ni owó tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìṣòro àyíká, ti wà, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Àwọn alága káńsù wa jó, wọ́n yọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá bi wọ́n, nítorí àjálù tiwa lórí òkè níbí, káńsù ló sún mọ́ ọn jù.

Àwa náà ní tiwa, kì í kàn ṣe èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń wá yà ni. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin. Iná ìgbẹ́ lásìkò ọyẹ́, tó lè jẹ oko kajú tí bàbá ẹni gbìn ní ogún ọdún láàárín ọ̀sán kan. Àwọn méjèèjì ní àsìkò tiwọn, bíi ti omi. Mo wá bi yín: ìjọba ìbílẹ̀ wo nínú Yàgbà, Ìjùmú, Mopa tàbí Bùnú ló ní ọkọ̀ panápaná tó lè dé oko kí iná tó jẹun tán? Ta ló ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ láti gé ìlà iná yí oko ká kí ọyẹ́ tó dé? Ní ìlú tiwa, àwọn ọdẹ ló ń ṣe é, ọtí la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ìjì ká òrùlé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Àwọn kan wá láti káńsù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n ní ẹ kú ewu. Òjò ọdún méjì rọ̀ sórí àga àwọn ọmọ yẹn. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò, bí ìkùukùu bá ti ṣú, wọ́n á dìde sáré wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ló dá owó páànù.

Káfíńtà tó kan páànù náà fi igi àtijọ́ hàn mí. Kò sí irin tó so òrùlé mọ́ ògiri, ìṣó kéékèèké lásán ni. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti fi irin dè é lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, afẹ́fẹ́ á kàn kí i ni, á bá tirẹ̀ lọ." Mo bi í pé èló ni irin náà. Owó tó pè kò tó owó epo tí àwọn tó wá ya fọ́tò sun wá. Ilé-ìwé mélòó ló wà ní ìwọ̀ oòrùn Kogí tí ìṣó kéékèèké dì mú báyìí, tí oṣù kẹta sì kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́? Kí alága káńsù kan ṣoṣo rán káfíńtà méjì yípo àwọn ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Mi ò bèèrè dáàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa tó ní kò kàn wá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n nínú ìjì ọdún tó kọjá, páànù mẹ́fà ló ṣí lórí ilé yín. Gúrúùpù WhatsApp yẹn kan náà la ti dá owó rẹ̀. Èmi ni akápò, ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.